Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, lórí ẹ̀rọ ta ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Ẹnjiníà. Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí, ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Àbúrò mi fi ẹ̀rọ géèmù kan, PS4 Slim oní-500 GB, sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo tún ní láptọ́ọ̀pù oní-RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 8 GB tí mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Mo ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti ra géèmù ńlá kan ṣoṣo tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, á jọ máa gbá ní họ́lídé. Mo ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Cyberpunk 2077, Starfield, Elden Ring àti Black Myth: Wukong, orí mi sì dàrú. Ẹnì kan á fún géèmù ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àwọn tó fowó ara wọn rà á á sì máa ṣépè nísàlẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Èwo ni kí n rà? Ẹ rántí pé iná wa ò dúró, dátà sì wọ́n.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé Ìjẹ̀ṣà ló kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ òṣómàáló, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi gbowó rẹ̀, kì í jẹ́ kí kọ́bọ̀ jáde lọ́wọ́ òun láìmọ ibi tó gbà. Ẹ mú ìwà yẹn dání, a ṣì máa lò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó yá kúrò nílẹ̀. Nínú mẹ́rin tí ẹ dárúkọ, méjì ò tilẹ̀ lè wọlé yín. Starfield ò jáde fún PS4, èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà sì ń béèrè RAM 16 GB àti àyè 125 GB lórí SSD, ìyẹn dísìkì ayára. Black Myth: Wukong, tí àwọn ará Ṣáínà gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí mílíọ̀nù 10 rẹ̀ sì tà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ń fẹ́ RAM 16 GB àti àyè 130 GB. Òun náà ò sí fún PS4. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ẹ jẹ́ kó máa tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ. Bí wọ́n fún géèmù méjèèjì yìí ní mẹ́wàá, bí wọ́n fún wọn ní òdo, kò kàn yín.

Cyberpunk 2077 ni mo fẹ́ jókòó tì, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí "ta ni kí n gbà gbọ́" wà. CD Projekt Red, ilé iṣẹ́ kan ní Pólàǹdì, ló ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kó tó jáde, èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn lámèyítọ́. Wọn ò sì gbà kí lámèyítọ́ kankan fi fídíò tó fúnra rẹ̀ ká han aráyé, àfi èyí tí ilé iṣẹ́ náà ti ká sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lámèyítọ́ ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, tó rí ìlú tó ń dán yanran lóru, tó sì fún un ní mẹ́sàn-án. Kò parọ́. Ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ.

Ẹni tó ra díìsì PS4 délé bá nǹkan mìíràn. Àwọn èèyàn ojú pópó ń yọ síni bí ère amọ̀ tí ojú rẹ̀ ò tíì jáde tán, àwòrán ń fà tìkọ̀tìkọ̀, eré á kàn ṣàdédé kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù yẹn kan náà, Sony, tó ṣe PS4, ti yọ ọ́ kúrò ní ìsọ̀ wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbowó rẹ̀ padà. Ó di oṣù Kẹfà ọdún 2021 kó tó padà síbẹ̀.

Ibi tó ti wá kàn yín gan-an nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n gbé àtúnṣe ńlá kan jáde tí wọ́n pè ní 2.0, pẹ̀lú àfikún ìtàn tó ń jẹ́ Phantom Liberty. Àwọn tó bú u tẹ́lẹ̀ ló tún ń yìn ín, èmi náà sì wà lára wọn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ka ìyìn yẹn lónìí, ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àmọ́ 2.0 ò dé orí PS4, Phantom Liberty náà ò dé ibẹ̀. PS5 tó tẹ̀ lé PS4, Xbox Series ti Microsoft, àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àwọn àtúnṣe kan ti kọ́kọ́ dé PS4, kò burú tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, wọ́n wá dá a dúró síbẹ̀. Ìyìn ọdún 2020 ò bá ẹ̀rọ yín wí, ìyìn ọdún 2023 náà ò bá a wí. Èébú tó wà láàárín méjèèjì nìkan ni tiyín.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ka lámèyítọ́, máàkì ni mo máa ń wò kẹ́yìn. Orí ẹ̀rọ wo ló ti gbá a? Ọjọ́ wo ló kọ ọ́, ṣé kó tó jáde ni àbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Bí gbogbo wọn bá dákẹ́ lórí ẹ̀rọ tí mo ní, mo mọ̀ pé wọ́n dákẹ́ nítorí nǹkan kan. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ń jà lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́. Láti FIFA 22 ni ọ̀nà tuntun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń rìn bí èèyàn gidi, tí wọ́n ń pè ní HyperMotion, ti wọlé, PS5 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Orúkọ kan náà, àwòrán iwájú pálí kan náà, ọdún kan náà, àmọ́ díìsì PS4 ò ní in nínú. Ẹ ó wá ka lámèyítọ́ tó ń ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń tẹ koríko, ẹ ó dé ilé, ẹ ó wá ẹsẹ̀ náà tì.

Èébú àwọn oníbàárà ńkọ́? Òun náà ní ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú èébú sórí géèmù Helldivers 2 lórí Steam, ìsọ̀ géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Géèmù náà ò bàjẹ́. Sony ló ní dandan ni kí ẹni tó ń gbá a lórí kọ̀ǹpútà ní àkáǹtì PSN, ìyẹn iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Sony fún àwọn ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí PSN ò dé pọ̀ jọjọ. Wọ́n gba ohun tí àwọn èèyàn sọ, wọ́n sì fagi lé òfin náà. Ẹni tó bá ka èébú ọ̀sẹ̀ yẹn láìmọ ìtàn á rò pé eré náà ò dára ni.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú mi tún ju ìyẹn lọ. Ọmọkùnrin kan láti Modákẹ́kẹ́ gbé PS4 wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, inú ń bí i burúkú. Géèmù olówó ńlá kan ló rà. Bó bá ti gbá a tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta, àwòrán á gan, ẹ̀rọ á gbé nọ́ńbà CE-34878-0 síta. Ó ti lọ kọ èébú gígùn sílẹ̀ nípa géèmù náà. Mo tú ẹ̀rọ. Eruku ojú irin tó ń gbé ooru jáde ti ki bí òwú inú tìmùtìmù. Ní abẹ́ àpótí iná, aáyán ti kó ìdílé wá síbẹ̀, bàbá, ìyá, ọmọ àti ẹyin. Mo gbá wọn dànù, mo nu ìpara tó ti gbẹ lórí ṣípù, mo fi tuntun sí i. A gbá géèmù yẹn fún wákàtí mẹ́ta, kò gan lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í bóyá ó máa lọ pa èébú rẹ̀ rẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ní ti dátà, ẹ má rò pé díìsì ni ààbò. Nígbà tí Call of Duty: Modern Warfare II jáde ní ọdún 2022, ohun tó wà nínú díìsì PS5 rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 70 MB lọ. Ìyókù, tó jẹ́ ọ̀pọ̀ GB, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti fà á wálẹ̀. Lámèyítọ́ tó ń gbé níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ya bí omi ẹ̀rọ kì í ka èyí sí, tàbí kó fi gbólóhùn kan kọjá lórí ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún díìsì, ẹ yí ẹ̀yìn pálí rẹ̀ wò, ẹ ka lẹ́tà kéékèèké nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gbá a, ẹ sá fún un. Sony gbé Concord jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n ń tà á ní dọ́là 40, nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án wọ́n ti pa á. Wọ́n dá owó padà, mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò láyé.

Ọ̀rọ̀ iná ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Elden Ring, èyí tó kù nínú mẹ́rin tí ẹ dárúkọ. Àwọn ará Jàpáàánì tó ń jẹ́ FromSoftware gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, òun ló gba Géèmù Ọdún ní The Game Awards lọ́dún yẹn. Ó wà lórí PS4, ó sì ṣeé gbá níbẹ̀. Ohun tí n ò rí kí lámèyítọ́ kan yìn ín fún ni pé ó ń tọ́jú ibi tí ẹ bá dé fúnra rẹ̀, ní gbogbo ìgbà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà, ibi tí ẹ wà náà lẹ ó bá ara yín, tàbí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Àwọn géèmù míì wà tí iná bá lọ, iṣẹ́ wákàtí kan lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó le. Kò sí ibi tí ẹ ti lè ní kó rọ̀ ọ́ fún yín. Ẹlẹ́ṣin oníhámọ́ra wúrà kan wà tó ń rìn kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ó pa mí ju ogún ìgbà lọ, èmi tí mò ń fi géèmù jẹun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni méjì ò lè jọ jókòó gbá a lórí ẹ̀rọ kan. Ọmọ yín á kàn máa wo ikú yín ni.

Mo sì fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ẹ wo nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà nínú àpótí kékeré nísàlẹ̀ pálí díìsì. Cyberpunk, 18 ló wà níbẹ̀, ìhòòhò wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e kúrò níwájú ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Elden Ring, 16.

Ohun tí màá rà bí mo bá wà nípò yín ò sí nínú mẹ́rin yẹn. It Takes Two ni, láti ọwọ́ Hazelight ní Swídìn. Ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021, òun náà gba Géèmù Ọdún ní ọdún tirẹ̀. Ó wà lórí PS4, ọmọ ọdún 12 lè gbá a, ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè gbá a rárá: ẹni méjì ni wọ́n ṣe é fún, ojú tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì. Tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ló di ọmọláńgidi, tí wọ́n ní láti jọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lè padà di èèyàn. Ẹnì kan á di ìṣó mú, èkejì á di òòlù. Ẹ ó bú ara yín díẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Kò ní àgbáyé tó fẹ̀ bí òkun, wọn ò sì ná iye tí wọ́n ná lórí géèmù Spider-Man 2 sí i, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ṣé ẹ ti gbọ́ Clair Obscur: Expedition 33? Àwọn èèyàn bí ọgbọ̀n ní Montpellier, ní Faransé, ló wà nídìí ẹ̀, dọ́là 50 ni wọ́n ń tà á, òun ló sì gba Géèmù Ọdún 2025. Owó tí wọ́n ná ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́.

Díìsì tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Ìwà òṣómàáló tí mo ní kí ẹ mú dání, ibí ló ti wúlò. Bí ẹ bá ra géèmù ní ìsọ̀ Sony orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún yín láti gbowó padà, àmọ́ bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀, ó ti tán nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn. Díìsì ní tirẹ̀, bí ẹ bá gbá a tán, ẹ lè tà á, ẹ lè fi pààrọ̀. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ilà tó gba òòró láti àárín lọ sí etí kì í sábà ṣe nǹkan, èyí tó bá yí po bí òrùka ni kí ẹ bẹ̀rù.

Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra páàdì kejì tó jẹ́ ojúlówó, kí ẹ sì wá UPS kékeré, àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ iná ṣe fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, sí ìdí ẹ̀rọ, torí bí iná ṣe ń já lójijì ló ń pa hard disk PS4. Àmọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá sí Lágéré kí n tú u. Ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí àbúrò yín ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn àlejò ti wọlé síbẹ̀. Ẹ mú wáyà iná rẹ̀ dání.