Bar mitzvah kì í ṣe wòlímá o

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi tó jẹ́ Júù ní kí n wá síbi bar mitzvah ọmọ òun. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Mo gbọ́ lórí rédíò pé wòlímá àwọn Júù ni, pé ọmọ ti parí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó ti gba òmìnira. Àmọ́ ọ̀gá mi yìí kan náà ló ń sọ pé ọmọ ọ̀hún á wọ kíláàsì tuntun ní sínágọ́gù tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Tó bá ti parí ẹ̀kọ́, kíláàsì kí ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò yẹn, èmi náà gbọ́ ọ, inú kíṣìnnì ni mo wà, díẹ̀ ló kù kí n da omi ẹ̀bà sílẹ̀. Ó ń fi ẹnu dídùn ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀, ẹni tó gbà á lálejò sì ń sọ pé "ẹ ṣé sà, a ti kẹ́kọ̀ọ́." Ẹ̀kọ́ wo?

Èmi kì í ṣe Júù o. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ kí n tó mọ ABD, wàláà ni mo gbé lé orí ẹsẹ̀. Àmọ́ ọdún 14 ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn, tí mò ń gbálẹ̀, tí mò ń to àga ní sínágọ́gù kan níhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Wòlímá, èmi gan-an ṣe é. Bar mitzvah, mo ti gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ débi tí mi ò lè kà á mọ́. Nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Wòlímá, ẹ̀kọ́ ló bí i. Èèyàn ka Kùránì dé ibi tó yẹ, àáfà ní ó yá, wọ́n rán aṣọ, wọ́n gbé e jókòó, ó kà á lójú ayé, wọ́n jẹ wọ́n mu. Ẹlòmíì ṣe é lọ́mọ ọdún 12, ẹlòmíì ṣe tiẹ̀ nígbà tó ti bímọ mẹ́ta, ẹlòmíì ò ṣe é títí ó fi kú. Tó ò bá kàwé, kò sí wòlímá fún ẹ. Bar mitzvah ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọjọ́ orí ló ń mú un wá. Ọmọkùnrin Júù tó bá ti pé ọdún 13 lórí kàlẹ́ńdà tiwọn, ó ti di bar mitzvah nìyẹn, ì báà sùn, ì báà máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kódà kí bàbá ẹ̀ gbàgbé. Ayẹyẹ, oúnjẹ, olórin, gbogbo ìyẹn kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í fi í sọ pé "mo ṣe bar mitzvah", "mo di bar mitzvah" ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. "Mitzvah" ni àṣẹ, òfin tí Ọlọ́run pa. "Bar", èdè Árámáíkì ni, ọmọ ló túmọ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, Bartímáù afọ́jú, Bíbélì fúnra ẹ̀ sọ pé ọmọ Tímáù ni. Ó dáa. Àwọn òyìnbó wá túmọ̀ ẹ̀ sí "ọmọkùnrin òfin", wọ́n sì dúró síbẹ̀, làwọn èèyàn wa náà bá gbé e bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ gbọ́ ná, àwa Yorùbá kọ́ ló yẹ kó ṣi eléyìí gbọ́. Kí là ń pè ní ọmọ ogun? Ṣé ogun ló bí i ni? Ọmọ ìjọ ńkọ́? Bàbá ẹni ọdún 70 tó dé fìlà abetí-ajá tó ń lọ sípàdé, ọmọ ẹgbẹ́ là ń pè é, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìta, ìta kọ́ ló bí i, ìyá ẹ̀ wà nílé tó ń sunkún, ṣùgbọ́n òfin ìta ló ń tẹ̀ lé, tí ìta bá pè é, á jẹ́. "Ọmọ" tó wà níbẹ̀ yẹn ni "bar" yìí, mo lè búra. Ẹni tó wà lábẹ́ nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún lè pè kó dáhùn. Kódà nínú Tálímúdì, ìwé ńlá táwọn àgbà wọn ti ń jiyàn lórí òfin, wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà fún àgbàlagbà, kò sí kéèkì kankan ńbẹ̀. Ọmọ àṣẹ lèmi ń túmọ̀ ẹ̀ sí, ẹni tí àṣẹ ti mú.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ààwẹ̀ Yom Kippur bá dé, dandan ni kó gbà á, kì í ṣe pé ó ń dán an wò bíi ti ọmọdé mọ́. Tí wọ́n bá ń wá ọkùnrin mẹ́wàá tí àdúrà ìjọ fi ń pé, ó ti di ọ̀kan nínú wọn. Mo rí i lójú ara mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, bàbá mẹ́sàn-án dúró, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀. Ni ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 13 lọ́sẹ̀ yẹn bá wọlé pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn ẹ̀, tó ń lọ sí iléèwé lọ́wọ́ ni o, ó kàn yà. Bó ṣe wọlé ni gbogbo wọn ṣí ìwé àdúrà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yẹn wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

Òmìnira tí ará rédíò ń pariwo wá ńkọ́? Òmìnira wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti bàbá ni! Tí wọ́n bá ti pe ọmọ síbi Tórà, ìwé òfin Mósè tó máa kà lójú ìjọ, bàbá ẹ̀ á sọ pé ìbùkún ni fún Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ìyà ọmọ yìí. Ìyẹn ni pé títí di àná, tó o bá ṣẹ̀, ọrùn mi ló wà, láti òní lọ, ru ẹrù ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí ohun tí bàbá mi sọ fún mi ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Èkó gẹ́lẹ́ nìyẹn, àmọ́ tiẹ̀ ò ní orin nínú. Ẹrù ni wọ́n gbé ka ọmọ lórí, ẹnì kan wá jókòó sí ilé rédíò, ó ń pè é ní òmìnira.

Àwọn kan tún máa ń ní kọnfamẹ́ṣọ̀n ni, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Rárá o. Àwọn Júù Reform, ìyẹn ẹ̀ka wọn kan tó ti tún àwọn àṣà àtijọ́ ṣe, ní kọnfamẹ́ṣọ̀n tiwọn lọ́tọ̀, Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní bí 200 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ bí ọdún 15, 16 ló ń ṣe é, nígbà àjọ̀dún Shavuot, Pẹ́ńtíkọ́sì tiwọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó wá kan kíláàsì tó o béèrè. Ìwé àwọn àgbà wọn kan wà tó ń jẹ́ Pirkei Avot, wọ́n ka ọjọ́ orí síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọdún 5 fún Ìwé Mímọ́, 10 fún Míṣínà (àkójọ òfin tí Tálímúdì ń ṣàlàyé), 13 fún àṣẹ, 15 fún Tálímúdì, 18 fún ìgbéyàwó. Ṣé ẹ rí i? 13 ò sí nípẹ̀kun. Ìwé tó le jù nínú gbogbo ẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni wọ́n gbé e pamọ́ dè. Ta ló ń lé ọmọ kúrò nídìí ààrò nígbà tí ọbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọ̀hún ń sá, kí n má purọ́. Tí wọ́n bá ti jẹ kéèkì tán, ó di gbére. Àwọn Júù fúnra wọn ló sọ àwàdà kan fún mi lọ́jọ́ tí mò ń dẹ pàkúté sí kíṣìnnì wọn: wọ́n ní eku kún sínágọ́gù kan, wọ́n lo oògùn, wọ́n mú ológbò wá, eku ò lọ. Rábì ní ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, ó ṣe bar mitzvah fún gbogbo wọn, wọn ò tún fojú kan eku ńbẹ̀ mọ́.

Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ṣètò kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fáwọn ọmọ ọdún 13 sí 16. Ọjọ́ Túsìdé ni tiwa, wọ́n á ra pízà, èyí tí ò lẹ́ran o, torí wọn kì í da wàrà pọ̀ mọ́ ẹran. Kò jọ ti àárọ̀ Sọ́ńdè táwọn ọmọ kéékèèké ń wá pariwo álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Iyàn ni wọ́n ń wá jà. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ariwo, mo sáré wọlé tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo bá ọmọkùnrin méjì tí wọ́n di jákẹ́ẹ̀tì tíṣà mú, wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ là wọ́n, tíṣà ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Inú Míṣínà ló ti wá: èèyàn méjì di aṣọ kan mú, èyí ní èmi ni mo rí i he, tèmi ni gbogbo ẹ̀, ìkejì náà ní tòun ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n á búra, wọ́n á pín in sí méjì. Ìyẹn rọrùn. Tí ọ̀kan bá wá ní tòun ni gbogbo ẹ̀, tí ìkejì ní tòun ni ìdajì ńkọ́? Èmi tí wọn ò pè ní mo dáhùn pé kí wọ́n ṣáà pín in sí méjì kó tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ní ẹni tó ní ìdajì ni tòun ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìdajì yòókù kì í ṣe tòun, kò sí ìjà lórí ìyẹn mọ́, ìdajì tí wọ́n jọ ń jà sí nìkan ló kù tí wọ́n á pín, torí náà ẹni àkọ́kọ́ á mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkejì á mú ìdá kan. Ọmọ tí ò tíì lè wakọ̀! Mo fara ti ìgbálẹ̀ mi, ilẹ̀ bàbá wa ni mò ń rò, èyí tí ẹbí ti fi pe ara wọn lẹ́jọ́ láti ayé ológun.

Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí, ọjọ́ Sátidé tí wọ́n pè ẹ́ sí yẹn kọ́ lo máa rí i. Tórà tí wọ́n ń kà ní sínágọ́gù, orí awọ ni wọ́n fọwọ́ kọ ọ́ sí, kò ní fáwẹ́lì, kò ní àmì orin, kò sí kọ́mà. Fojú inú wò ó kí n kọ k méjì sílẹ̀ fún ẹ, kí n ní kó o sọ bóyá ìkòkò ni àbí kòkó. Ọmọ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àti ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ń jẹ́ tikkun, ojú ìwé ẹ̀ pín sí méjì, apá kan ní àmì pérépéré, apá kejì wà gbayawu bó ṣe máa bá a lórí awọ. Ọmọ kan wà tí bàbá àgbà ẹ̀ ń kọ́ ní yàrá ẹ̀gbẹ́ tí mo máa ń kó àga sí. Ọmọ á ka apá tó ní àmì, bàbá àgbà á fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, á ní ó yá. Ọmọ á máa kà á bọ̀ lápá kejì, á dé ibì kan á há, ojú ẹ̀ á máa yọ́ lọ sábẹ́ ọwọ́ bàbá. Bàbá á ká ìka kan sókè. Ìka kan péré! Kó ṣáà rí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù yẹn, á sì pa á dé padà. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, tí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kà tí ìtumọ̀ fi yí, àwọn tó dúró tì í á pè é padà, á tún un kà lójú gbogbo ìjọ, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wá wo àwa. Èdè tó ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko nínú, a ní àmì, a ò fi í. Obìnrin á gbé fọ́tò ìgbéyàwó síta, á kọ "oko mi" sábẹ́ ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá oko ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ fi hàn wá. Àwọn yẹn ń ka ohun tí ò ní àmì torí pé wọ́n ti kọ́ àmì yó, àwa ò fi àmì torí a ò jókòó kọ́ ọ rí. Kíláàsì Yorùbá tá a ń ṣe fáwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà, tí ọmọ bá ti pé 11 báyìí, ìyá ẹ̀ á ní ìdánwò ń bọ̀, wọ́n á mú un kúrò, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ òwe. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń kí mi lórí fóònù, "ẹ káàárọ̀ Daddy", aago mẹ́wàá alẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin, ọdún 12 ni tiwọn, bat mitzvah ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ò tíì pẹ́ tó ti àwọn ọkùnrin, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí ní Amẹ́ríkà ni ti Judith Kaplan, ọmọ rábì Mordecai Kaplan, ní New York, oṣù March 1922.

Ní ti ibi tó ò ń lọ, dé fìlà, tó ò bá sì ní, wọ́n máa ń to fìlà pélébé sẹ́nu ọ̀nà. Má yọ fóònù ya nǹkan kan, Sábáàtì ni. Má gbé owó dání lọ, wọn kì í fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn, fún ọ̀gá ẹ tó bá di Mọ́ńdè. Tó o bá sì fẹ́ fún ọmọ ní 50 pọ́ùn, sọ ọ́ di 54, torí lẹ́tà wọn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, tó o bá ro ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìyè lédè wọn pọ̀, 18 ló máa jẹ́, ìlọ́po 18 yìí ni wọ́n fi ń ta ọmọ lọ́rẹ. Mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má lọ lẹ owó mọ́ ọmọ olọ́mọ níwájú orí. Súìtì ni wọ́n ń jù lù ú tó bá ti kà á tán, súìtì rírọ̀, wọ́n lè pín díẹ̀ fún ìwọ náà. Rọra jù ú, iwájú tààrà ni kó o jù ú sí, torí èyí tó bá yí wọ abẹ́ àga, ó máa ń tó Wẹ́sìdé kí n tó rí i.