Ṣé Kí N Sọ Ọ̀rọ̀ Òṣèlú Nínú Fọ́ọ̀mù Yunifásítì Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, Mákùn ni wá. Mo ti ṣe WAEC tán, mo fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òṣèlú ní Amẹ́ríkà, àròkọ inú Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ jọ ń lò, ni mò ń kọ lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ nípa bí ikú Tiyamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, ṣe mú káwọn èèyàn tú síta ní Ṣàgámù lóṣù kejì 2020, ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, àtìgbà yẹn lọ̀rọ̀ òṣèlú ti wọ̀ mí lára. Nígbà ìbò 2023 mo bá pátì kan pín ìwé, mo sì ń fi fóònù bá àwọn ìyá lọ́jà Awólọ́wọ̀ wo ibi tí wọ́n ti máa dìbò. Bọ̀dá tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìn ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, pé òyìnbó ò fẹ́ wàhálà, kí n kọ nípa bí mo ṣe borí mathematics. Dádì mi tí wọ́n jẹ́ alága wọ́ọ̀dù fún pátì kejì ní tí mo bá kọ ọ́ àwọn ò ní san owó fọ́ọ̀mù. Mo fi èyí tí mo kọ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Mákùn

Ìdáhùn: Ọmọ Mákùn, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Dádì ẹ, màá padà síbẹ̀. Tí wọ́n bá yarí jálẹ̀, àwọn yunifásítì kan wà tí wọ́n máa ń fojú fo owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tí agbára ò ká, béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bọ̀dá yẹn, mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn ò bá tìẹ mu. Ẹni tó lóun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òṣèlú tó wá ń kọ nípa mathematics, kí ni kí wọ́n ti gbọ́ pé ó ń wá? Ọ̀kan nínú ìbéèrè tí Common App gbé kalẹ̀ gan-an ní kéèyàn sọ ìgbà kan tó ta ko èrò tàbí ìgbàgbọ́ kan, kí ló fà á, ibo ló já sí. Àwọn fúnra wọn ló béèrè. Àwa ni kò mọ́ lára, torí JAMB kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè irú èèyàn tó jẹ́, máàkì tó o gbà nínú 400 ló fẹ́ rí, òun làwọn ọmọ wa fi ń kọ àròkọ yìí bí ẹni ń wáṣẹ́ ìjọba, àbí kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di ìpolongo ìbò.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Èyí táwa ń pè ní òṣèlú níbí, APC, PDP, Labour, kò kan ẹni tó máa ka ìwé ẹ níbẹ̀. Kò mọ ẹni tó ń ṣe gómìnà l'Ógùn, kò sì ní bá ẹ jà torí pátì tó o pín ìwé fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tá ò kà sí òṣèlú rárá, tá a máa ń sọ nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí wáàsí Jímọ̀, ipò obìnrin nílé ọkọ, oyún ṣíṣẹ́, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palestine, òun gan-an ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bá ara wọn fà á lọ́hùn-ún. O lè ju ìlà kan sílẹ̀ láìronú, kó o rò pé ohun tí gbogbo ayé gbà ni, kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an lẹni tó ń kà á ti máa dúró. Mi ò ní kó o yí ìgbàgbọ́ ẹ padà o, mo ní tó o bá máa sọ ọ́, mọ̀ pé ò ń sọ ọ́.

Ìlà kan wà nínú tìẹ náà, ìpínrọ̀ kẹta, níbi tó o ti ní àwọn ẹ̀yà kan ló ń ba Nàìjíríà jẹ́, kí oníkálukú máa lọ sílé ẹ̀. Yọ ọ́ lónìí. Ìwọ ọmọ Ṣàgámù! Lọ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ojú wọn rí ní Sábó lóṣù keje 1999, nígbà tí ọ̀rọ̀ Orò dá ìjà sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá tí ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n á sọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń já sí fún ẹ. Ẹni tó bá sì kà á ní ọ́fíìsì àdímíṣọ̀n á bi ara ẹ̀ pé ṣé ọmọ yìí á lè bá ẹlòmíì gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí.

Ìpínrọ̀ tó o ti ń ròyìn Olóyè Awólọ́wọ̀ náà, yọ ọ́. Mo mọ̀, àwa ará Rẹ́mọ ò lè gbé bírò ká má dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 sì dùn ún fi yangàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 650 péré ni wọ́n fún ẹ, Awólọ́wọ̀ kọ́ ló ń wá àdímíṣọ̀n.

Ọjà Awólọ́wọ̀ ni kó o lọ tú sílẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo lo fún un. Ta ló kọ́kọ́ gbé fóònù fún ẹ? Ta ló lé ẹ dànù? Ìyá tó ní pátì Dádì ẹ lòun máa dìbò fún ńkọ́, ṣé o bá a wo tiẹ̀ náà? Tó o bá bá a wò ó, kọ ọ́, torí kò sí ohun tó máa fi irú ẹni tó o jẹ́ hàn tó ìyẹn. Tí o ò bá bá a wò ó, kọ ìdí ẹ̀, ìyẹn náà ò burú. Ọ̀rọ̀ ìwọ́de 2020, ohun tí ọmọ ọdún méjìlá rí ni kó o sọ, ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà níbẹ̀, má sọ ara ẹ di aṣáájú. Níbi tí wọ́n ti ní kó o to àwọn ohun tó o ti ṣe, lẹ́tà 150 ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ pé o ran olùdìbò lọ́wọ́ láti rí ibùdó wọn, kò pọn dandan kó o dárúkọ pátì.

Dádì ẹ wá ńkọ́. Ọmọ ń pín ìwé fún pátì kan, bàbá jẹ́ alága wọ́ọ̀dù fún ìkejì, ẹ jọ ń jẹun nínú ilé kan náà, o gbé gbogbo ẹ̀ jù sílẹ̀ ò ń ròyìn 1955! Jókòó tì wọ́n, sọ fún wọn pé wọ́n máa wà nínú ẹ̀, bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dénú pátì wọn, kó o kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo rò ó pé owó fọ́ọ̀mù á jáde.

Yunifásítì kì í rí bákan náà o. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọ, bí Babcock ní Ìlíṣàn ṣe jẹ́ ti Adventist, ka ohun tí wọ́n kọ nípa ara wọn kó o tó fi owó ẹnikẹ́ni ṣòfò. Ti físà Amẹ́ríkà tún yàtọ̀ pátápátá. Láti 2019 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń ní kéèyàn kọ orúkọ tó ń lò lórí Facebook, X àti ìyókù fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ní oṣù kẹfà 2025 wọ́n tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ojú ìwé ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Torí náà gbogbo èébú tó o kọ lásìkò ìbò, lọ tún un kà. Ohun tó o bá sì fẹ́ ṣe sí i, má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi fẹ́ wọ yunifásítì ní Kánádà. Honourable kan tá a jọ wà ní pátì ti ṣèlérí lẹ́tà tí wọ́n á fi jẹ́rìí ẹ̀ fún yunifásítì. Ṣó máa ràn án lọ́wọ́?
Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, sà. Ṣé Honourable yẹn mọ ọmọ yín, àbí ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, tísà tó kọ́ ọ ní físíìsì tó mọ ọjọ́ tó fìdí rẹmi àti bó ṣe padà wá yege, òun ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹ jẹ́ kí Honourable bá yín ra aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fún Ojúde Ọba.