Ṣé ọlọ́pàá lè kọ ohun tó bá wù ú sórí Facebook tirẹ̀?

Ẹ ní àbúrò yín tó jẹ́ ọlọ́pàá l'Abẹ́òkúta sọ pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ bo òun náà. Ó bò ó lóòótọ́, àmọ́ kò bò ó tán. Abala 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa lómìnira yẹn. Abala kan náà ló ní òfin lè dín in kù fún òṣìṣẹ́ ìjọba, sójà àti ọlọ́pàá. Wọ́n dárúkọ ọlọ́pàá gan-an níbẹ̀.

Kó gbé fọ́tò ọdún Lísàbí síbẹ̀, ta ni yóò bi í? Ẹjọ́ tí wọn kò tíì dá ló léwu. Bó bá gbé ojú afurasí tí wọ́n mú ní Láfẹ́ńwá síta, tó kọ "olè rèé" sí i, ó lòdì sí abala 36, tó ka olùjẹ́jọ́ sí aláìṣẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Lọ́yà afurasí náà sì lè fi ohun tó kọ yẹn han adájọ́ ní kóòtù Ìṣábọ̀. "Èrò tèmi nìyí" tí wọ́n máa ń kọ sójú ewé kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o, pàápàá tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ìròyìn iṣẹ́ ńkọ́? Alukoro ọlọ́pàá ní Eléwéẹran, olú ilé iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ni ín.