Ìtàdógún: ṣé torí pé 17 kò ṣe é pín ni àwọn àgbà fi mú un?

Ìyá kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ló béèrè pé: "Ìtàdógún-ìtàdógún ni à ń dá èésú ní agboolé wa. Ọmọ mi ní práìmù ni 17, nọ́ńbà tí kò ṣe é pín, pé bóyá torí ẹ̀ ni àwọn àgbà fi yàn án. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Rárá, kì í ṣe torí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín rí nǹkan gidi.

Ìtàdógún, ẹ̀tàdínlógún náà ni, ẹ̀ta dín nínú ogún. Àmọ́ tí ẹ bá ka ọjọ́ láti èésú kan sí èkejì, 16 lẹ máa bá. Àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n dúró lé mọ́ ọn ni. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan ni ọrún, ọ̀sẹ̀ méjì ni isán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìtàdógún. Ẹ fi òní kún 4, 8 àti 16, ó di 5, 9 àti 17. Mẹ́rìndínlógún yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀, òun náà ni iye ojú àtùpà tí à ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun, òun náà ni iye owó ẹyọ tí wọ́n fi ń dá ẹ́ẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ ká wo àìṣeépín náà wàyí. Mo tò ó sórí ẹní lánàá. Ọmọ ayò 16, mo tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin sí ìlà mẹ́rin, ó gún régé. Mo fi ẹyọ kan kún un: ìlà méjì, ọ̀kan ṣẹ́ kù, ìlà mẹ́ta, méjì ṣẹ́ kù, ìlà mẹ́rin, ọ̀kan tún ṣẹ́ kù. Àfi kí gbogbo wọn tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Práìmù nìyẹn. Ṣùgbọ́n 9 gún ní mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá jẹ́ àìṣeépín ni àwọn àgbà ń wá, wọn ò bá má mú isán.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ẹ mú 2, ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ó di 4. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, 16. Lẹ́yìn náà 256, lẹ́yìn náà 65,536. Ẹ wá fi ọ̀kan-ọ̀kan kún wọn: 3, 5, 17, 257, 65,537. Práìmù ni gbogbo wọn, ọrún àti ìtàdógún sì wà níbẹ̀! Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Ní 1732, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé èyí tó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297, ṣe é pín: 641 lọ́nà 6,700,417 ni. Títí di òní, kò tíì sẹ́ni tó rí práìmù ẹlẹ́ẹ̀kẹfà irú wọn.

Práìmù ò gba irú okùn bẹ́ẹ̀ sọ́rùn. Wọn ò lópin, Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì àtijọ́, ti fi ìyẹn múlẹ̀ tipẹ́, àmọ́ bí a ṣe ń lọ ni wọ́n ń jìnnà síra: 25 ló wà láti 1 dé 100, 168 dé 1,000, 1,229 dé 10,000. Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kà wọ́n nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì fura sí bí wọ́n ṣe ń dín kù. Ní àyíká mílíọ̀nù kan, nínú nọ́ńbà mẹ́rìnlá, bí ọ̀kan ni práìmù. Ọdún 1896 ni onímọ̀ ìṣirò méjì, Hadamard àti de la Vallée Poussin, tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, kálukú lọ́tọ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín kọ 1 dé 100 sínú ìwé, kó yọ 1 kúrò, kó wá jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ gàrí, bí Eratosthenes, ọmọ Kírénè ní Líbíyà, ṣe ṣe é. Kó fi 2 sílẹ̀, kó fagi lé gbogbo ohun tí 2 lè pín. Kó ṣe bákan náà fún 3, 5 àti 7. Èyí tó kù lórí ajọ̀ ni práìmù. Kó fara balẹ̀ tó bá dé 89, torí yóò rìn títí dé 97 kí òmíràn tó yọjú.