Èsì: Ṣé associate's mechanical technology máa pa owó ẹ̀?
Àbúrò, o ní ṣé kó o fi ọdún méjì gba associate's, ìyẹn oyè ọlọ́dún méjì, nínú mechanical technology (iṣẹ́ ẹ̀rọ) ní Houston, Amẹ́ríkà àbí kó o kàn máa wa Uber lọ. Kà á jàre, àmọ́ community college ni o, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba tí owó ẹ̀ ò wọ́n, kì í ṣe àwọn aládàáni tó ń polówó kiri yẹn, kírẹ́díìtì bíi 60 náà ni, owó wọn ò jọra rárá, tó o bá sì ti ní green card, tètè fi FAFSA ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìrànwọ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, torí òun lo fi máa rí Pell Grant, ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, wọn kì í sì gbà á padà. Nígbà tí mo lọ fún intáfíù iṣẹ́ yìí, micrometer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi wọn irin kan, ẹnikẹ́ni ò bèèrè GPA (máàkì ilé-ìwé) mi. Tó bá jẹ́ engineer lo fẹ́ dà ṣá, kọ́kọ́ bi yunifásítì pé kọ́ọ̀sì mélòó nínú èyí tó o ti kà fún associate's ni wọ́n máa gbà wọlé, èmi ò bèèrè, mo tún calculus (ìṣirò gíga) kà látìbẹ̀rẹ̀.