Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oorun Òru Àwọn Tó Ní Àrùn Ìgbàgbé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi ni alábòójútó àwọn olùtọ́jú ní ilé kan tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, àrùn ìgbàgbé ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń rò fún mi lójoojúmọ́: àwọn arúgbó kì í sùn, wọ́n ń rìn káàkiri, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, wọ́n á máa tòògbé lórí àga títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kí ni kí n fi kọ́ wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé ọjọ́ kan kò tó. Ẹni tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan lè rántí díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá arúgbó bá dìde ní aago méjì òru, tó ní òun ń lọ sílé, ohun tó ti mọ́ olùtọ́jú náà lára tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe.

Ìwádìí kan wà tó fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 2005, Susan McCurry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington, ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 36 tó ní àrùn Alzheimer, ìyẹn irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, jáde, pẹ̀lú àwọn ẹbí tó ń tọ́jú wọn nílé. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní ìwé tó ṣàlàyé ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí oorun lè dára. Apá kan nínú wọn ni olùkọ́ tún bá jókòó, tó bá wọn ṣètò bí wọn yóò ṣe máa ṣe é nínú ilé tiwọn, tó sì ní kí aláìsàn máa rìn fún 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí ó sì máa rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Àwọn aláìsàn apá yìí ni jíjí òru wọn dín kù. Ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí wọ́n gbà nípa àrùn ìgbàgbé, kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bákan náà ni ètò DREAMS START, tí àwọn olùwádìí ní University College London gbé kalẹ̀, ṣe pín ẹ̀kọ́ náà sí ìjókòó mẹ́fà, tí àkókò sì wà láàárín wọn kí ẹbí tó ń tọ́jú aláìsàn lè lọ dán nǹkan wò, kó padà wá sọ bó ṣe rí. Èsì rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 8, oorun àwọn aláìsàn náà dára ju ti àwọn tí a ń tọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe dókítà ló kọ́ àwọn ẹbí wọ̀nyẹn. Àwọn tó kàwé jáde ní yunifásítì ni, tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ náà, tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ sì ń mójú tó wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ bí aago, òun ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú tàbí pé ó ti mọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì fi ń mọ àkókò. Àrùn Alzheimer a máa ba apá yìí jẹ́, èròjà melatonin tí ara ń pèsè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú náà a sì máa dín kù. Bí arúgbó bá wá jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò rí ìmọ́lẹ̀ ìta, kò sí ohun tí yóò tún aago náà ṣe. Olùtọ́jú tí èyí bá yé kò ní máa rò mọ́ pé ṣe ni ìyá arúgbó ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ òun lẹ́nu, lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni èrè tó tóbi jù nínú ìjókòó àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀, kí wọ́n máa kọ oorun aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ kọ́ wọn láti kọ ohun tí ojú wọn rí, kì í ṣe èrò ọkàn wọn. “Bàbá kò jẹ́ ká gbádùn lánàá” kò wúlò. Èyí tó wúlò rí báyìí: “Wọ́n sùn ní aago 7:30 alẹ́. Wọ́n jí ní 1:15, wọ́n ń fa ṣòkòtò wọn. Mo mú wọn lọ tọ̀, ó sì pọ̀. Oorun tún gbé wọn lọ ní 2:30. Láàárọ̀, wọ́n tòògbé lórí àga láti 10:00 títí di 12:00.”

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín jọ tú irú àkọsílẹ̀ yìí wò. Ẹni tó sùn ní aago 7:30 tó wá jí ní 1:15 ti sùn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, kò sì yani lẹ́nu pé oorun ti dá lójú rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a sún àkókò ibùsùn síwájú díẹ̀díẹ̀, kí aago tí a ń jí i láàárọ̀ má sì máa yí padà. (Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú, nítorí kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tètè dilẹ̀ ni a fi ń gbé arúgbó sórí ibùsùn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú dáadáa. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọ̀gá kò bá ti fẹ́ tún ètò iṣẹ́ tò.) Ti ìtọ̀ tó pọ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún bàbá náà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, kí a bi dókítà bóyá ó ṣeé fi sí àárọ̀. Oorun wákàtí méjì tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ẹ fi ìrìn níta nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan kí wọ́n rẹjú, kó má ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, kó má sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́.

Kí wọ́n tún mọ àwọn ohun mìíràn tó ń jí ènìyàn tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ mọ́: ìrora, ìgbẹ́ tó há, ẹsẹ̀ tí kò lè dúró sójú kan. Bí aláìsàn bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi máa ń jí lóru, wọ́n á ní àwọn ń lọ síbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Bí mo bá sọ fún wọn pé òru ni, ìjà ni. Kí ni kí n máa sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn rárá. Ohun tó dá wọn lójú ni wọ́n ń sọ, ọpọlọ tó yẹ kó gbé ẹ̀rí yín yẹ̀ wò sì ni àìsàn ti mú. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ má tan iná tó mọ́lẹ̀ kedere, nítorí yóò dà bí ẹni pé ilẹ̀ ti mọ́ lójú wọn. Ẹ lè sọ pé, “Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ tọ̀ ná.” Bí ẹ bá dé, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ bi wọ́n pé, “Ta ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ yín?” Ọ̀rọ̀ yóò di ìtàn, bí ìtàn bá sì ti gùn díẹ̀, lílọ a máa kúrò lọ́kàn wọn. Ẹ gbé bàtà àti àpò wọn kúrò níbi tí ojú wọn ti lè kàn án, ẹ sì so agogo kékeré tó ń dún mọ́ ilẹ̀kùn ìta. Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ní àwọn nìkan, nítorí iná àti ìjàǹbá.

Bí ó bá ṣe pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dédé bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì dá nǹkan mọ̀ tó bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí pé àkóràn, irú èyí tó máa ń wà nínú ìtọ̀, lè fà á. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ẹni tí yóò gba òru kan tàbí méjì lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iSupport tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn olùtọ́jú ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú olùtọ́jú fúnra rẹ̀, mo sì rò pé apá yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó burú kí olùtọ́jú máa fún aláìsàn ní oògùn ọ̀fìnkìn tó ń kunni lóorun?

ÌDÁHÙN: Ó burú. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń dènà èròjà kan tí àrùn yìí ti dín kù tẹ́lẹ̀ nínú ọpọlọ, nítorí náà a máa dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, ó sì lè mú kí ìtọ̀ há. Àwọn oògùn amúnisùn bíi diazepam a máa mú kí arúgbó ṣubú. Ti àwọn oògùn wèrè le ju èyí lọ: láti ọdún 2005 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé wọ́n ń dá kún ikú àwọn àgbà tó ní àrùn ìgbàgbé. Melatonin tí a ṣe ní oògùn pàápàá, àtúnyẹ̀wò tí Cochrane, àjọ tó ń kó èsì àwọn ìwádìí ìlera jọ yẹ̀ wò, ṣe ní ọdún 2020 kò rí ẹ̀rí pé ó ń ṣe oorun àwọn tó ní Alzheimer láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti ń lo diazepam tàbí irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí olùtọ́jú má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ṣe máa dín in kù.