Ọ̀dà Lẹ́sẹ̀ Ògiri, Rọ́ọ̀gì Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọlọ́dà. Rọ́ọ̀gì aláwọ̀ eérú ló wà ní pálọ̀ wa ní Òkè-Baálẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò ṣeé ká. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká, tí àwọn káfíńtà ń pè ní skirting, ti ṣá, àwọn ọmọ sì ti fi kẹ̀kẹ́ wọn họ ọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kùn ún ní funfun, torí pé ilé wa ni wọ́n á ti ṣe ìkómọ àbúrò mi. Pẹ́ńtà kan ní kí n ṣáà ti ra tépù, pé ó ti tó. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Kò tó, Ìyá Ìbejì. Tépù kì í lẹ̀ mọ́ irun rọ́ọ̀gì bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ọ̀dà á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ àfìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, a ń kun ilé ńlá kan ní Òkè Fìà. Tépù nìkan ni mo lẹ̀ mọ́ etí rọ́ọ̀gì, mo sì ń fi gílọ́ọ̀sì dúdú lé ẹsẹ̀ ògiri lọ, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo ṣí tépù ni mo rí ilà dúdú bí okùn bàtà, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn àga. Ẹ̀rù bà mí. Mo rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ni okùn bàtà bá di odò. Ọ̀gá mi ò nà mí, àmọ́ fún oṣù méjì n ò fojú kan owó ọjọ́ Sátidé. Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, ni wá, a mọ bí àwọ̀ ṣe ń wọ òwú tí kì í jáde mọ́.

Fíìmù X-ray àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Ó fẹ́lẹ́, ó le, kì í mu ọ̀dà bíi páálí. Ẹ gé e ní fífẹ̀ ìka mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbọn eruku àti irun inú àlàfo tó wà láàárín pákó àti rọ́ọ̀gì, torí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà á kó o bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ etí rọ́ọ̀gì wálẹ̀, kẹ́ ẹ ti fíìmù náà bọ àlàfo yẹn. Tépù wá wúlò báyìí: òun lẹ ó fi so fíìmù mọ́ ọ̀rá tẹ́ ẹ tẹ́ sórí rọ́ọ̀gì.

Ẹ fi sípírítì sí àkísà, kẹ́ ẹ fi ra ojú ọ̀dà àtijọ́. Bó bá rọ̀ tó sì ń bọ́, ọ̀dà olómi ni. Bí kò bá rọ̀, olóróró ni, ẹ gbọ́dọ̀ fi sáńdípépà ha dídán rẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà olómi tẹ́ ẹ bá fi lé e á ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀dà ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé sì ni eruku òjé, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ rẹ sáńdípépà onómi, kẹ́ ẹ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́jọ́ náà.

Ìdá kan péré nínú mẹ́ta irun búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ rì bọ ọ̀dà. Òkè pákó lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ìsàlẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gílọ́ọ̀sì olóróró á sùn mọ́jú kó tó gba ìkejì, pàápàá lásìkò òjò. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn, àárọ̀ kùtù nígbà tí atẹ́gùn ò tíì dìde ni mo máa ń ṣe é. Ẹ má yọ fíìmù títí di ọjọ́ kejì, torí irun rọ́ọ̀gì á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.

Bó bá kán sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún! Ẹ fi ṣíbí gbé e. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ fi aṣọ funfun tútù máa tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín. Tó bá jẹ́ olóróró, tínà díẹ̀ lára aṣọ ni, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn àga: tínà lè yọ́ gọ́ọ̀mù abẹ́ rọ́ọ̀gì yín. Èyí tó bá ti gbẹ, ẹ fi sáàsì rẹ́ orí irun náà díẹ̀díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́ kù kun skirting, Bàbá?
Ọmọ Ìgbọ̀nà

ÌDÁHÙN: O lè ṣe é, àmọ́ ìgbálẹ̀ àti bàtà ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ra gílọ́ọ̀sì, agolo kékeré ti tó fún yàrá kan.